Orin Kọjá, Àwòrán Ọkàn Salome Kò Kọjá

Osooro, nítòsí Òkìtìpupa
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì, ọdún 2025

Catherine ọmọ mi,

Salome, ìyá rẹ, kú ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, nígbà tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀. A sin ín ní ọjọ́ kẹta, sí ẹ̀yìn ilé. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu Victor àbúrò rẹ. Mo ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ nítorí pé èmi ni ọkọ rẹ̀, èmi ni mo sì wà níbẹ̀.

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí Olúwafúnmiláyọ̀ ọmọ rẹ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dínkù?

Jùwọ́nlọ́lá, akọ̀wé ìjọ wa, ló ń bá mi kọ èyí. Ó fẹ́ fi àdúrà gígùn kan bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ.

Má pe fóònù mi mọ́. Mo ti pa á. Mo ti pa ti ìyá rẹ náà, mo dì í sínú aṣọ àdúrà rẹ̀, mo tì í mọ́ inú àpótí. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ, kọ ìwé, kí o fi ránṣẹ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òkìtìpupa. Akọ̀wé á bá mi gbà á.

O ò wá sìnkú ìyá rẹ. Victor ní ìwé ìgbélùú rẹ wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, pé bí o bá jáde, o ò ní lè padà wọlé. Mo gbọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bi mí pé àkọ́bí dà. Victor ló kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ìwọ ló yẹ kó ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nìyí. Ní ìkóríta tí a fi ń wọ Òkìtìpupa, pátákó ńlá kan wà níbẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Kánmọ́, àwọn tó ń ta dátà, gbé kọ́. Èmi àti ìyá rẹ ló wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di fóònù mú, ó ń wo ìsìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó tì í. Jùwọ́nlọ́lá ní ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé: “Ìjọ kò jìnnà mọ́. Kánmọ́ ló ń ṣíwájú.” Ìyá rẹ wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì wà lókè títì. Bí mo bá ń lọ sọ́jà, mo ní láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ní, “Bàbá, ẹ ti di gbajúmọ̀ o! Bí a bá kí yín, kẹ́ ẹ máa dá wa lóhùn o.” Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ọjà.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ títí ìgbìmọ̀ kan láti Àbújá yóò fi jókòó ní Àkúrẹ́ ní oṣù kẹfà. Ó ní ẹbí ti fọwọ́ sí i. Lóòótọ́ ni mo tẹ àtàǹpàkò sí ìwé kan, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé ọmọ mi kan tó mọ̀wé ti kà á, ó sì ti gbà. Ọmọ wo? Ìwọ lo mọ̀wé jù nínú wọn. Bá mi wádìí ẹni tó jẹ́.

Èmi ni,
Mákánjúọlá, baba rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìdánìkanwà. Ọkọ mi kí yín. Olúwafúnmiláyọ̀ ní kí n bá òun béèrè bóyá ẹ ti ń jẹun.

Ní ọjọ́ tí ẹ sin Màmá, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mo ń wẹ ìyá ẹlòmíràn. Obìnrin náà ti gbó, iyè rẹ̀ ti ń rá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo dá a lóhùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù pé wọ́n ń bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ìyá tèmi ní wákàtí yẹn. Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, ẹ bá mi wí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi.

Ní ti pátákó yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀. Inú Màmá dùn lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà. Màmá pè mí, wọ́n ní àwọn ti di òṣèré. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí n délé, mo fẹ́ rí ẹ̀rín wọn níbẹ̀ kí n tó rí sàréè.

Ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn fẹ́ ṣe kò burú. Èrò ará ìlú ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n gba àwọn tó ń ta dátà láyè láti fi àwọn kan ṣíwájú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi àwọn kan sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n pa á láṣẹ pé gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ bákan náà. Ìjọ wa wà lára àwọn tí Kánmọ́ fi ṣíwájú. Oṣù mẹ́jọ ni Màmá fi dùbúlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ètò yẹn, wọn kì bá rí ìsìn kan ṣoṣo títí wọ́n fi lọ.

Victor ní àwòrán ọkàn Màmá tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n kú kò tètè lọ. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, Bàbá mi. Gbogbo wa la mọ nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ wa. Àkókò tó ti tó ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fóònù.

Ọmọ yín,
Catherine


Osooro
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Catherine,

Ìwé rẹ dé. Jùwọ́nlọ́lá kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí o wẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ. O kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo bi ọ́, o sì fi ohun mẹ́wàá mìíràn dá mi lóhùn.

O ní àkókò tó ti tó ni. O ò sí níbẹ̀. Jókòó kí n sọ bó ṣe rí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ìyá rẹ ní àyà ń fún òun. Àríyọ̀, onítakisí àdúgbò wa, ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì Olúfúnmilọ́lá lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Ó ní òun máa ya fọ́tò bébà náà ránṣẹ́ sí dókítà ńlá kan ní Àkúrẹ́, pé òun ló máa sọ bóyá ká fún un lábẹ́rẹ́ tàbí ká sáré gbé e lọ sí Òkìtìpupa. Fóònù nọ́ọ̀sì kò ní nẹ́tíwọ̀kì lọ́jọ́ náà. Ó mú ti ìyá rẹ.

Agogo méjìlá sì ti lù, ìsìn àánú ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní òun ò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Wọ́n bá ṣí i fún un lórí fóònù kan náà, kí àwòrán náà máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Ìsìn náà mọ́ gaara. Mo rí òógùn lójú wòlíì. Mo rí ẹni tó ń sùn nínú akọrin. Àwòrán náà ńkọ́? Nǹkan róbótó kan ló ń yí, tó ń yí.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, kò tíì lọ o. Ṣé ká kúkú máa gbé wọn lọ?” Àríyọ̀ ti wà nínú ọkọ̀, ó ti ṣáná sí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní, “Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Ṣé ẹ ò rí bí ìsìn ṣe ń lọ ni? Á lọ báyìí.” Mo ní kí Àríyọ̀ pa ọkọ̀, kó má sun epo dànù.

Wákàtí mẹ́ta. Ìsìn náà kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ ń bá wọn kọrin, ohùn ò jáde, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Bí wọ́n ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, tí fídíò tán, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà lọ wìì. Dókítà pè lójú ẹsẹ̀, ó ń pariwo pé kí ló dé tí a ṣì jókòó. A gbé e. Kò dé Òkìtìpupa. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì wá kí mi. Ó sunkún kó tó lè sọ ọ́. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì wà. Ó ní dátà tí a ń lò ni, pé ìjọ ni wọ́n fi ṣíwájú níbẹ̀, gbogbo ohun yòókù ń dúró dè é. Mo rò pé ọ̀nà tó gba ọ̀kan ló ń gba gbogbo wọn. Ta ló sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀?

A jiyàn rẹ̀ ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Jùwọ́nlọ́lá fẹ́ ka orúkọ àwọn tó máa fọwọ́ sí ìwé sí ìgbìmọ̀ pé ti Kánmọ́ làwọn ń ṣe. Alàgbà Àlàmú ní, “Ẹni tó bá sanwó iwájú ọkọ̀ ló ń jókòó níwájú. Kí ló wá burú níbẹ̀?” Charity tó ń ta oúnjẹ púpurú fò dìde. Ó ní, “Bàbá Àlàmú, ẹ̀yin tí ẹ ń hanrun láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù, kí lẹ fẹ́ fi ìsìn tó ń yára ṣe? Ẹ̀kọ́ ọmọ mi ní yunifásítì kì í ṣí lórí fóònù. Bọ́ọ̀lù ń ṣí. Ṣé oyè bọ́ọ̀lù ni yóò gbà jáde níbẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní ṣé kí wọ́n wá já ìsìn gbà lójú àwọn aláìsàn tó wà nílé ni. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. Mo dìde, mo ní èmi ni mo ní kí Àríyọ̀ pa ọkọ̀. Mo jókòó. Wọn ò ka orúkọ kankan lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Jùwọ́nlọ́lá lọ sí ọ́fíìsì Kánmọ́. Mo ní kí wọ́n fi ìwé tí ẹbí fọwọ́ sí hàn mí. Akọ̀wé kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. Kò fẹ́ kọ ìlà tó kàn yìí, mo ní kó kọ ọ́: orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀.

Ṣé ìwọ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mákánjúọlá


Osooro
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Catherine,

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Akọ̀wé ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á ti máa mi orí. Ó ní bóyá ìwé sọnù lọ́nà. Mo ní rárá, mo mọ ọmọ tí mo bí. Ní kékeré rẹ, bí o bá fọ́ nǹkan, o kì í sunkún, o kì í purọ́. Ńṣe lo máa ń dákẹ́. Ìyá rẹ á ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé o máa sọ ọ́ tó bá yá. Kò sí mọ́ láti bá ọ bẹ̀ mí.

Àwọn Kánmọ́ wá sílé mi ní ọjọ́ Ẹtì. Mọ́tò funfun, èèyàn mẹ́ta. Wọ́n gbé agbádá wá, wọ́n ní òun ni n ó wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà. Wọ́n ní mi ò ní sọ nǹkan kan, kí n ṣáà jókòó níwájú kí wọ́n lè rí mi. Mo rò pé ọmọbìnrin ọ́fíìsì ti sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti kú. Àṣé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ọ̀gá wọn ní, “Màmá ńkọ́, Bàbá? Ṣé ara wọn ti le tó láti bá wa lọ?” Mo ní ó wà lẹ́yìn ilé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ kí wọn. Mo mú un lọ.

Ó dúró síbẹ̀. Ó ṣí fìlà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ sìmẹ́ńtì síbẹ̀ ni, kò tíì gbẹ dáadáa. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, wọ́n wọ mọ́tò wọn. Wọ́n fi agbádá sílẹ̀ lórí àga mi.

Ṣé ìwọ ni? Mo tún béèrè.

Mákánjúọlá


Leeds
Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni.

Ìwé yín ti dé ọwọ́ mi láti oṣù kẹrin. Inú àpò iṣẹ́ mi ló wà. Mo máa ń yọ ọ́ jáde nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo máa kà á dé ibi tí ẹ ti béèrè, mo máa ká a padà. Mo tijú yín. Ẹ̀rù yín sì ń bà mí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Akọ̀wé ìjọ ló fún Kánmọ́ ní nọ́ńbà mi. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó gùn bí ọ̀nà oko. Wọ́n ní bí mo bá gbà, Màmá á máa wo ìsìn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, wọ́n á sì ya àwòrán ẹ̀yin méjèèjì. Aláìsàn kan ń pè mí lọ́wọ́. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Mi ò kà á. Ó wà níbẹ̀, Bàbá, mo ti padà kà á báyìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun yòókù lè fà sẹ́yìn bí ìsìn bá ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí mo bá kà á, mo máa béèrè pé ohun yòókù wo.

Ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ bí n ó ṣe bẹ Màmá.

Mo ti kọ̀wé sí Kánmọ́ pé kí wọ́n sọ pátákó kalẹ̀. Wọ́n ní ọdún kan ni àdéhùn, àfi bí mo bá sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé mo yẹ ọ̀rọ̀ mi. Ìgbìmọ̀ máa gbọ́ ẹni tó wà lókè òkun náà, èèyàn lè sọ̀rọ̀ láti orí fídíò. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta ko Kánmọ́ ní kí gbogbo nǹkan máa lọ bákan náà, láìsí iwájú, láìsí ẹ̀yìn. Ní wọ́ọ̀dù wa níbí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ burú jù la kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Bí gbogbo nǹkan bá ń tò bákan náà, ṣé àwòrán ọkàn Màmá kò ní tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni? Bí mo bá sì ní kí àwọn kan máa ṣíwájú, ṣé ohun tí Kánmọ́ ń sọ kọ́ ni mo ń tún sọ? Kí ni kí n wí, Bàbá?

Ẹ tan fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́ ohùn yín.

Catherine


Osooro
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Catherine ọmọ mi,

O ti sọ ọ́. Ó tó. Mi ò ní bi ọ́ mọ́.

Ìwọ tẹ̀ ẹ́ láìkà á. Èmi tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ ọ́n kà. Jùwọ́nlọ́lá tó ń kọ èyí ló fún wọn ní nọ́ńbà rẹ, ó ń sunkún báyìí, mo ti ní kó nu ojú kó má ba bébà jẹ́. Èmi ni mo sì ní kí wọ́n dúró. Bí a bá fẹ́ pín ẹ̀bi yìí, tèmi ló máa pọ̀ jù, nítorí pé ojú mi ni ìyá rẹ ń wò.

O béèrè ohun tí o máa wí. Mi ò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìfúnpo ni mo mọ̀. O mọ bí a ti ń ṣe é níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da ẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ la kọ́kọ́ ń fún epo rẹ̀. Àgbẹ̀ ńlá kan wá nígbà kan, ó fẹ́ sanwó fún ẹlẹ́rọ kí tirẹ̀ lè kọjá. A kó ẹyìn rẹ̀ lọ sẹ́yìn pátápátá, ó rà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkú bá wà nílé rẹ̀ lè kọjá, nítorí pé ó ní àlejò láti se oúnjẹ fún. Kì í san nǹkan kan. Ohun tó máa ṣe ni pé kó dúró síwájú gbogbo wa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bí àwa tó wà lórí ìlà bá ti gbọ́, a ó yà fún un. Àwa ló ń yà. Ẹlẹ́rọ kọ́ ló ń yàn án.

Ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ kú, mo gbé ẹyìn lọ. Mo dúró níbẹ̀. Ẹnu mi kọ̀, mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n mọ̀, gbogbo ìlú ti mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró dè mí bó ti yẹ. Ó pẹ́. Mo wá sọ pé, “Salome kú.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n yà fún mi.

Nítorí náà, mi ò rí ohun tó burú nínú kí aláìsàn kọjá. Ohun tó burú ni pé ẹnì kan jókòó síbìkan tó ń ta iwájú, tí àwa tó wà lẹ́yìn kò sì mọ̀ pé ẹ̀yìn la wà. Bí mo bá mọ̀ pé ẹ̀yìn ni àwòrán yẹn wà, ṣé mo máa jókòó? Mi ò ní jókòó. Ibi tí òfin ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kó parí sí, èmi ò mọ̀ ọ́n. Alàgbà Àlàmú náà kò mọ̀ ọ́n, ẹnu ló ní. Ìwọ mọ aláìsàn, o mọ̀wé.

Mi ò ní lọ sí Àkúrẹ́. Mo ti dá agbádá wọn padà. Mi ò sì ní tan fóònù. Má bínú, kì í ṣe nítorí rẹ. Bí mo bá tan án, orin yẹn ni mo máa gbọ́.

Ìwé kan wà nínú àpò ìwé yìí. Mo tẹ àtàǹpàkò sí i níṣojú akọ̀wé àti Nọ́ọ̀sì Olúfúnmilọ́lá, pé mo yẹ èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ sẹ́yìn rẹ̀, wákàtí sí wákàtí. Òun ni ẹ̀rí tí mo ní. Mi ò ní òmíràn.

Mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mo ti sin ìyá rẹ, mo ti jiyàn ní ìjọ, mo ti rin ìrìn ọ́fíìsì tó tó. Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ mi. Mi ò gbé e fún Victor, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wà nílé. Ìwọ ni mo gbé e lé lọ́wọ́. Pátákó, ìgbìmọ̀, ohun tí o máa wí àti èyí tí o ò ní wí, gbogbo rẹ̀ di tìrẹ. Bó bá ṣe wù ọ́ kó o parí rẹ̀, mi ò ní bá ọ wí.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n á bi ọ́ pé ta ni ọ́, tí o fi ń sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn pé ìwọ ni àkọ́bí Salome. Kó o tó sọ nǹkan mìíràn, kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ó kú.

Mákánjúọlá, baba rẹ